Bí Bátìrì Méjì Ṣe Kú Lẹ́ẹ̀kan Náà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ẹnu ayé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ilẹ̀ òtútù tí mo wà yìí. Mo kí Màámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Iléṣà àti àwọn ará oko kòkó ní Ìwàrà. Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ kì í jẹun kánú mọ́, pé ẹ kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní Iléṣà àti ní Alékùwodò ní Òṣogbo ló ń dé etí mi. Wọ́n ní ọkùnrin méjì ń gbé inú ọkọ̀ kan, ọ̀kan kú, èkejì ò kú, kò sí ọgbẹ́ lára òkú, wọn ò sì gbé òkú wálé. Wọ́n ní èmi Fẹ́mi ti fi Wàsíù ṣoògùn owó. Bàbá, ẹni tó fi ènìyàn ṣoògùn owó kì í wọ irú bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Ṣùgbọ́n mi ò bínú sí wọn tó bí mo ṣe rò pé màá bínú. Ẹni tí a kò bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún, á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ̀: ọmọ Òṣogbo ni Wàsíù, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Alékùwodò. Òun ló mú un wá sí Iléṣà, tó fà á lé bàbá mi lọ́wọ́ kí ó kọ́ṣẹ́ rẹwáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀. Ilé wa ló gbé títí ó fi ṣe fírídọ̀mù. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé sá fún iṣẹ́ náà, mo ní ásíìdì bátìrì ń jẹ aṣọ mi. Wàsíù ló gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ló máa ń sọ pé èmi ni ẹ bí, òun ni ó jọ yín.

Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́sí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ bi mí. Ẹ ní báwo ni bátìrì méjì ṣe lè kú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ yín. Kí n tó dáhùn ni ẹ ti pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹ lọ sí Òṣogbo láti kí Ìyá Wàsíù, tí kò sì jáde sí yín. Ó ní kí ni ẹ ń bá òun dárò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin náà ò lè sọ ohun tó pa ọmọ òun. Ìyá náà kò jẹ̀bi. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ èyí, pẹ̀lú yín.

Nígbà tí èmi àti Wàsíù jọ dé ilẹ̀ yìí, owó ilé ló lé wa sínú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbà lórí yàrá kan níbí, ó ń jẹ ènìyàn láàyè. A wá da owó pọ̀, a ra ọkọ̀ àgbàlagbà kan, irú èyí tí wọ́n kọ́ ibùsùn àti tábìlì sínú rẹ̀, tí àwọn òyìnbó máa ń gbé lọ ṣe ìsinmi. Olóko tí a ń bá di kábéèjì gbà kí a gbé e sí ẹ̀yìn oko rẹ̀. Wàsíù sọ ọ́ ní Ìgbín, ó ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ojúmọmọ ni mo ń ṣiṣẹ́, òun ń ṣe ti alẹ́, nítorí náà bí mo bá ti ń dìde ni òun ń dùbúlẹ̀. Ibùsùn yẹn kì í tutù. Ọjọ́ ìsinmi nìkan la máa ń ráyè ara wa, a ó sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀: òun á pè mí ní ọmọ Òṣómàáló tí kò lè sin gbèsè kankan wálé, èmi á pè é ní ọmọ Òròkí tí aró kò kàn lọ́wọ́ rí. Láìsí ìyẹn, odindi ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí a pè é.

Ẹ̀yin mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó yé Ìyá Wàsíù. Bátìrì méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí ọkọ̀ lọ: á ta agbára jáde lẹ́ẹ̀kan, á sinmi. Èkejì jẹ́ ti ilé. Òun ló ń tan gílóòbù, òun ló ń fa omi, òun ló sì ń yí fáànù ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru. Gáàsì ni ẹ̀rọ náà ń jó, àmọ́ bí bátìrì ilé kò bá níná, kò ní tàn rárá, bí gáàsì tilẹ̀ kún sílíńdà. Wọ́n fi ohun kékeré kan tó ń jẹ́ ríléè sáàárín bátìrì méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ríléè á ṣílẹ̀kùn kí iná lè kún inú àwọn méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, á ti ìlẹ̀kùn. Ó dà bí orogún méjì tí kálukú ní ìkòkò tirẹ̀. Bí ilé bá jẹ tirẹ̀ tán, ti ẹ́ńjìnnì á ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó lè jí ọkọ̀, kí ooru ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ yá yín lára, kí ẹ sì wakọ̀ lọ sí ibi tí ènìyàn wà.

Ríléè ti ọkọ̀ wa ti gbó. Ó dé àkókò kan tí bátìrì ilé kì í gba iná mọ́ bí a tilẹ̀ wakọ̀ jìnnà. Wọ́n ní kí a lọ ra tuntun. Wàsíù rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ mọ ohun tó ṣe kí n tó sọ ọ́. Ó yọ ríléè náà dànù, ó fa wáyà tó nípọn láti orí bátìrì kan sí orí èkejì, ó ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ tí ríléè rẹ̀ jó tó wọ ọ̀dọ̀ yín tí kì í jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ọ̀tan-Ilé ló mọ̀ yín sí Bàbá Dáírẹ́ẹ̀tì, orúkọ náà ló sì ń fún wa lóúnjẹ. Wàsíù ya fọ́tò iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin náà fi ohùn ránṣẹ́ padà, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọwọ́ ọmọṣẹ́ yín nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé léraléra ló ń gbọ́ ọ. Gílóòbù wa mọ́lẹ̀ rokoṣo. Inú tèmi náà dùn.

Ohun tí kò yé wa ni pé ní Iléṣà, kò sẹ́ni tó ń sun inú ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a ṣe ní dáírẹ́ẹ̀tì á jáde láàárọ̀, á sáré káàkiri, bátìrì rẹ̀ á kún. Tiwa dúró sójú kan. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, epo sì wọ́n. Ilé ń jẹ láti inú ìkòkò méjèèjì láìsí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí òtútù ńlá wá dé, irú èyí tí omi inú korobá ń di òkúta, agbára bátìrì dín kù sí i. Ọyẹ́ tiwa ń ya ètè ni, ti ibí ń wọ inú eyín.

Ibà ń ṣe Wàsíù lọ́jọ́ náà, kò lọ síṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ jáde láàárọ̀, gílóòbù ti ń rẹ̀wẹ̀sì, fáànù sì ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Ó ní kí n máa lọ, pé òun á jí ẹ́ńjìnnì kí iná lè wọlé. Nígbà tí mo ń jẹun lọ́sàn-án ni ó pè mí. Ó ní ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ húkọ́, pé ilé ti gbé bátìrì ẹ́ńjìnnì mì mọ́ tirẹ̀. Ó tún fi rẹ́rìn-ín, ó ní kí a má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá òun gbọ́. Ó ní òun ti rí nǹkan tí òun fẹ́ fi yáná kí n tó dé.

Nígbà tí mo padà, ilẹ̀ ti ń ṣú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó wà lórí ibùsùn. Agbada irin tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fi ń sun ẹran níta ló gbé wọlé, tó fi eedu sí. Ó ti kọ́kọ́ dá iná náà níta títí eedu fi pọ́n tí èéfín rẹ̀ tán pátá, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn: èéfín ló ń pa ni lẹ́kún, eedu tó ti pọ́n kò ní ìyọnu. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà dí gbogbo ojú fèrèsé. Ó sì ti na ìbọ̀sẹ̀ mi tó tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kí ó lè gbẹ kí n tó dé.

Mo wọ́ ọ jáde sórí yìnyín. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àwọn tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ aláìsàn ṣe títí, ó rẹ̀ wọ́n.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé eedu tó pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tí kì í mú ni húkọ́. Oorun lásán ló máa ń kùn ẹni tó bá fà á símú. Ilé ìdáná tiwa ní ojú ihò, afẹ́fẹ́ náà á bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí a fi àkísà dí kò ní. Ẹ̀rọ tó ń ké, tí wọ́n kàn mọ́ àjà ọkọ̀, èéfín nìkan ló mọ̀, kò sì rí èéfín kankan.

Ìyá wa ní Alékùwodò, mo gbọ́ pé ẹ ń béèrè ìdí tí wọn kò fi sin ín lọ́jọ́ tó kú, àti ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀. Òfin wọn ni pé bí ọ̀dọ́ bá kú báyìí, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ òkú rẹ̀ wò. Mo bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kan níbí wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í ní aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i lára. Mo bi ẹni tó wẹ̀ ẹ́ léèrè. Ó ní ojú rírán wà lára rẹ̀, àmọ́ pé kò sí ohun tó dín. Onígbàgbọ́ ni mí, ẹ̀yìn ni mo dúró sí, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí síwájú kí n bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Ibojì rẹ̀ dojú kọ Kíbúlà. Mi ò lówó tí mo lè fi gbé e wálé, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé mo ní in.

Bàbá, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn. Afẹ́fẹ́ eedu ló pa Wàsíù. Wáyà wa ni kò jẹ́ kí ó ní ibòmíràn láti yáná. Mi ò lè sọ ọ̀kan kí n fi èkejì pamọ́, nítorí òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí Òṣogbo. Ẹ gbé bátìrì méjì, gílóòbù kan àti ríléè kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá náà. Ẹ so wọ́n pọ̀ níṣojú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ó wà, lẹ́yìn náà ẹ yọ ríléè, kí ẹ ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn méjèèjì ṣe ń kú pọ̀. Kí ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó le. Bí ó bá bú yín, ẹ gbà á. Bí ẹ̀yin kò bá sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka èyí nílé, ẹ̀yin tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí ẹ sì ń ti fèrèsé nítorí olè, afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Yàrá ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo ń sùn báyìí. Ó móoru, ara mi kò sì balẹ̀ nínú ooru náà. Bàbá, Ọlọ́run á gbé yín dìde, á dá oúnjẹ padà sí yín lẹ́nu. Màámi kò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ń béèrè mi, ẹ tún bá mi kí àwọn tó ń bú mi.

Ìyá wa, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Wàsíù máa ń pè yín lẹ́yìn ìrun. Màá máa pè yín ní àkókò yẹn. Bí ẹ ò bá gbé e, mi ò ní bínú, màá tún pè lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fi àánú bo ibojì rẹ̀, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ilé yín dákẹ́ jù.

Èmi ni ọmọ yín, Bàbá.
Ìyá Wàsíù, bí ẹ bá lè gbà á, èmi ni ọmọ yín.

Fẹ́mi