Ohun Tí Fláàṣì Ṣe, Tí Mo Dì Lé Wálé Lórí

Ìkòròdú, Ọjọ́bọ̀

Láràárọ̀, mo máa ń fi etí ìborùn mi nu ẹnu fláàṣì kí n tó kó ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ wa jọ ń kọ láti inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà iléèwé.

Lónìí, kọ̀ǹpútà tún gbogbo ètò náà tò látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe kìkì bí fáìlì bá yí padà, bẹ́ẹ̀ a ò yí nǹkan kan padà. Mo kọjú sí Wálé lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Ìwọ lo fọwọ́ kan fáìlì wa!"

"Èmi kẹ̀? Ará Ìwó, látọjọ́ tó o ti dé, ẹ̀sùn lo wá fi kọ́kọ́ lanu?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wálé ò rẹ́rìn-ín.

Ilé ni mo ti wá rí i. Nígbà mìíràn, fláàṣì máa ń gé ìṣẹ́jú-àáyá kan kúrò lára àkókò tí kọ̀ǹpútà kọ sára fáìlì nígbà tí a fi í pamọ́. Àkókò náà ò bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́, kọ̀ǹpútà sì rò pé fáìlì ti yí padà.

Wálé nìkan ló sì ń kí mi níbí...

Lọ́la, ojú gbogbo wọn náà ni màá ti bẹ̀ ẹ́. Bí ohùn mi bá gbọ̀n, kó gbọ̀n.