Kàlẹ́ńdà Tí Ẹ Fi Bo Ìwé Mi

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ju mẹ́ta lọ dáadáa. Mo ṣì ń pe nọ́ńbà yín. Obìnrin inú ẹ̀rọ, tó ń ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́, ló máa ń dá mi lóhùn. Mo ti wá mọ̀ ọ́n sín jẹ débi pé Mọ́mì rò pé fóònù ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ yín ní Union City ló gbé mi dé o. Ó ti rẹ Mọ́mì, wọ́n fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ lọ, ni wọ́n bá ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ kóòtù ti ń jò wọnú ilẹ̀ láti ayé baba òyìnbó tó ta ṣọ́ọ̀bù náà fún yín. Olùrà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba ní Mọ́mì ni yóò tún ilẹ̀ ṣe, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àfi kí wọ́n ta ilé tí à ń gbé.

Lọ́yà kan ní Lawrenceville ló wá sọ ohun tí mi ò tíì lóye tán. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀: "Màdáámù, ínṣọ́ránsì tó wà nígbà tí kẹ́míkà ń jò lè sanwó, bó tilẹ̀ ti parí tipẹ́."

Dádì, báwo? Mílíìkì tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká dà á nù. Ta ló wá ní kí ínṣọ́ránsì má bà jẹ́? Lọ́yà ní ti ayé àtijọ́ gan-an ló dáa jù, torí nígbà yẹn wọn kì í yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó bà jẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ sì ra iléeṣẹ́ baba náà fúnra rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ínṣọ́ránsì rẹ̀ di tiwa.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì tí baba náà ń lò? Ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti da ẹrù rẹ̀ nù.

Ṣé ẹ rántí àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ẹ bá lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ fi bo àwọn ìwé mi bí wọ́n ṣe ń bo tiyín n'Íbàdàn? Gbogbo kíláàsì ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá sọ fún wọn pé ọdún tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n bí mi, pé mo dàgbà ju tíṣà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wá ìwé ìṣirò kan tí mo fẹ́ ki aláǹgbá rọ́bà sáàárín rẹ̀ láti fi dẹ́rù ba Aunty Bísí, àbúrò yín. Lábẹ́ àwòrán pẹ́pẹ́yẹ tó wà lára kàlẹ́ńdà tí ẹ fi bò ó ni mo ti rí orúkọ iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì kan, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan."

"Aláǹgbá yẹn ni, àbí? Jẹ́ kó wà lọ́hùn-ún."

"Mi ò ṣeré o."

"Ìwọ! Ìgbà wo lo ṣeré rí tó o gbà pé o ń ṣeré?"

Wọ́n wá wò ó. Wọ́n rọra bọ́ kàlẹ́ńdà náà kúrò lára ìwé bí ẹni ń bọ́ aṣọ ọmọ tó sùn. Lọ́yà kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà. Wọ́n wá ẹ̀dà ìwé ínṣọ́ránsì baba náà rí, wọ́n sì ti gbà láti sanwó.

Ní Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ á fọ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ máa ń dúró sí gan-an. Wọ́n ní òórùn kẹ́míkà á jáde, pé kò dáa fún èèyàn. Mọ́mì ní mi ò gbọdọ̀ dé ìtòsí. Ẹ mọ̀ pé màá lọ. Òórùn yẹn lẹ máa ń gbé wọlé lálaalẹ́, tí mo fi ń mọ̀ pé ẹ ti dé kí n tó gbóhùn yín. Mi ò mọ̀ bóyá màá di imú mi, àbí màá kọ́kọ́ mí i sínú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe?

Èmi ni, ọmọ yín aláṣejù tí ẹ ò lè bá wí mọ́, tó sì fẹ́ràn yín títí.