Ṣọ́ọ̀kì Bàbá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Àlejò tún dé. Orúkọ tí mo sọ ìrora inú yìí nìyẹn, torí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Abẹ́ àyà ló ti ń jó mi, pàápàá tí ebi bá ń pa mí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ilà sáṣọ sẹ́nu, mo ń lá a díẹ̀díẹ̀. Ó rọlẹ̀.

Ara Bàbá ni mo ti kọ́ ọ. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí làwọn náà ti ránṣọ, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yìí kan náà. Ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò létí ètè wọn. Ní kékeré, mo rò pé gbogbo télọ̀ ló ń jẹ ẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kóòtù tí mo ń rán fún oníbàárà ò tíì parí. Ọgbẹ́ inú ló pa Bàbá, iye ọdún tí wọ́n lò láyé lèmi náà wà yìí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tú òwú ara aṣọ kan. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Rédíò ni Bàbá ń pè wọ́n nígbà náà. Ẹnu Ìyá kì í sinmi — wọ́n á bá aṣọ wí, wọ́n á bá òjò wí. Máṣíìnì ń ró, Ìyá ń jà, Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Tí Ìyá bá jáde tí ilé pa rọ́rọ́, Bàbá á ní, “Iná ti lọ.”

Ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Bàbá, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin pe Ìyá jókòó. Wọ́n ní ariwo ẹnu ìyàwó ló ń dá ọgbẹ́ sí àbúrò àwọn nínú. Ọjọ́ náà ni Rédíò dákẹ́. Bàbá kú náà ni, Ìyá ò sì lahùn gidi mọ́ títí dòní.

Mo ń ṣàárò ariwo yẹn gan-an ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọsibítù. Wọ́n ní kí n fẹ́ èémí sínú àpò kan. Dókítà obìnrin, ara tín-ínrín — èjìká kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe.

Ó ní omi kíkan wà nínú àpòlúkù tó ń yọ́ oúnjẹ, tó sì ń pa kòkòrò tó bá bá oúnjẹ wọlé. Nǹkan yíyọ̀ kan tẹ́ inú rẹ̀ kí omi náà má bàa jẹ òun fúnra rẹ̀ — bíi láínì abẹ́ kóòtù nìyẹn, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí omi náà kì í pa. Abẹ́ láínì ló ń sá sí, á máa bà á jẹ́ títí omi kíkan fi máa kan ara. Ibẹ̀ lọgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í bóyá ariwo ẹnu ènìyàn lè dá a síni nínú. Ó ní ìrònú lè mú kó dunni sí i, àmọ́ ariwo kì í bí kòkòrò. Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ń mú kíkan náà rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni, kòkòrò ṣì wà níbi tó wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Èsì àyẹ̀wò dé: kòkòrò náà ni. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà ní yóò san.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Mo ní, “Ẹnu yín kọ́, Ìyá. Kòkòrò ni.” Mo rò pé inú wọn á dùn.

Wọ́n ní, “Mo dákẹ́ kí bàbá rẹ lè yè. Ká ní mi ò dákẹ́ ni, ariwo mi ì bá ti lé wọn dé ọsibítù.”

A jọ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò tíì ṣílẹ̀kùn tán tí Ìyá fi wọlé. Ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́nu mi — àṣà burúkú. Wọ́n ní kí n tu ú dànù. Ṣé mo ti loògùn? Ṣé mo ti jẹun? Irú fèrèsé ìdọ̀tí wo nìyí? Ta ló kọ́ mi ní irú ọrùn aṣọ yìí? Wọn ò dákẹ́ títí oníbàárà fi dé.

Oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o.

Mo ní, “Kò sí. Iná ló dé.”