Bisíkíìtì Tó Gbọ́dọ̀ Rọ̀ Títí Di Ọjọ́ Jímọ̀

Ilé Kejìlá, Òpópó Alábẹ́rẹ́,
Agége, Èkó.
14 Oṣù Kẹjọ, 1989.

Màrdíyyàh ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù òjò yìí wọ̀ yín lára ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí kí n tó kọ ọ́ débí, mo sì tún fẹ́ dìde.

O mọ̀ pé ìgbà tí iléeṣẹ́ bisíkíìtì tí mo wà ní Ìkẹjà ní kí àwa kan máa lọ sílé, tí fùláwà sì wọ́n bí ojú débi pé iṣẹ́ búrẹ́dì bàbá rẹ di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, la gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Mo ṣèlérí fún ọ pé kí iléèwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, wàá ti padà wálé. Oṣù Kẹsàn-án ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tó ń lé mi kiri inú ilé nìyẹn.

Àǹtí Adébísọ́lá, ará Èkìtì tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, wá bá mi. Eyín ti tán lẹ́nu bàbá wọn, baba ò sì yé béèrè bisíkíìtì. Wọ́n ní kí n ṣe èyí tó rọ̀. Wọ́n tún ní, "Ìyá Màrdíyyàh, bó bá lè rọ̀ láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, kantíìnì ọ́fíìsì wa á máa gbà á lọ́wọ́ yín." Mo ní kò le rárá. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo ti gbàgbé pé ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá bisíkíìtì tó rọ̀ ṣọ̀tá. Iṣẹ́ mi ní iléeṣẹ́ ni kí n mú ọ̀kan nínú páànù, kí n ṣẹ́ ẹ létí mi. Bí kò bá dún kà, a ó da gbogbo páànù náà nù. Nígbà tí mo wá ń yan tilé nínú ìkòkò oníyanrìn lórí sítóòfù, mo ṣẹ́ ọ̀kan létí, kò dún. Mo dá a padà síná. Mo tún ṣẹ́ ẹ, kò dún, mo tún dá a padà. Nígbà tó fi máa tutù, èèyàn lè fi kan ìṣó. Bàbá Àǹtí Adébísọ́lá fi ọ̀kan sẹ́nu, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò ó, wọ́n sì dá a padà fún mi pẹ̀lú àdúrà. Ojú tì mí gan-an.

Bàbá rẹ ní ká ṣe é lọ́nà búrẹ́dì. Wọ́n pò ó, wọ́n nà án títí òógùn fi bọ́, tiwọn wá burú ju tèmi lọ. Ìgbẹ̀yìn ni mo mọ̀ pé etí ni kí n di. Mo rọra pò ó, mo fi oyin tí Ìyá àgbà fi ránṣẹ́ sí i, mo sì sọ̀ ọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń tẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kò tíì jinná.

Ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní ọjọ́ kejì ó ti le. Kí eku má bàa jẹ búrẹ́dì tó ṣẹ́kù, bàbá rẹ jù ú sínú agolo bisíkíìtì mi, wọ́n dé e. Nígbà tí mo rí i láàárọ̀, ìjà ni mo gbé kalẹ̀. Àṣé búrẹ́dì ti gbẹ táútáú, bisíkíìtì sì rọ̀ bí ìgbà tó kúrò lórí iná. Búrẹ́dì ti fún un ní omi ara rẹ̀. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mi ò mọ ohun tó fà á.

Ìṣòro tó kù ni èmi alára. Ó yẹ kí agolo náà wà ní dídé títí di ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, màá ṣí i. Bí mo bá kírun tán, màá ṣí i, màá tẹ ọ̀kan wò, atẹ́gùn á sì wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti le mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹta.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé e sá fún ara mi. Àárọ̀ òní Mọ́ńdè ni mo yan án, mo fi ègé búrẹ́dì kan tì í nínú agolo, mo sì dé e. Bọ̀ọ̀dá Muhydeen, àbúrò bàbá rẹ, á fi ọkọ̀ wọn gbé e lọ́la. Wọ́n á já ẹrù ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, wọ́n á sì dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá àgbà ni kó o kọ́kọ́ fún, ẹnu tí kò léyín kò ní tàn wá. Kọ èsì fún Bọ̀ọ̀dá tó bá ń padà bọ̀ ní Sátidé. Bó bá rọ̀, owó kantíìnì á máa wọlé, màá sì wá mú ọ. Bó bá le, ọmọ mi, fún mi ní sáà kan sí i.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lálọ lábọ̀, kó má jẹ́ kí ilé sú ọ, kó fún Ìyá àgbà ní ẹ̀mí gígùn. Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lè jókòó,
Fàúsát.

Àfikún: Bàbá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá Màrdíyyàh, láti ìgbà wo lọmọ ti ń dúró kí bisíkíìtì rọ̀ kó tó wálé?" Mo tún mú bírò. Má kọ lẹ́tà kankan mọ́. Di ẹrù rẹ, kó o bá Bọ̀ọ̀dá Muhydeen bọ̀ ní Sátidé. Bó rọ̀, bó le, ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.