Dádì Gbé Mochi Mì Bí Òkèlè

Màmá mi àtàtà,

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kékeré kan ní Eastbury ni mo dúró sí nígbà tí ìdí tí Dádì kò fi jẹun mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Tọkọtaya arúgbó kan láti Jàpáànù ló ń kọ́ wa ní oúnjẹ ìlú wọn níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Lọ́jọ́ yẹn, mochi ni wọ́n ń ṣe, ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n ń gún nínú odó. Ọkọ á gbé ọmọ odó tó dà bí òòlù sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Kó tó tún gbé e sókè, ìyàwó á ti ti ọwọ́ tútù bọ odó, á ti yí ìrẹsì náà padà. Gbì! Ọwọ́. Gbì! Ọwọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mi ò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo kàn dúró. Odó yín nílé wa ní Upney kò yẹ̀ rí, àbí? Kò sí ohun tí Dádì ń dì í mú fún ní gbogbo ọjọ́ Sunday tí ẹ fi ń gún iyán wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òun ń jáde lọ wa bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí odó yẹn nìkan lẹ ti ń rí ara yín. Èmi sì rò pé ẹ kàn ń dà á láàmú ni.

Láti ìgbà tí a ti sin yín, tíì àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí. Àǹtí Ìbídùn, àbúrò yín, ń gbé ọbẹ̀ wá títí firísà fi kún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ohunkóhun tí mo bá kọ́ ní kíláàsì wálé, bóyá ọ̀kan á wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ká ní ẹ wà níbí, ẹ̀rín ì bá pa yín. Wọ́n ń fi ṣúgà se ẹ̀wà, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á wá fi há àárín pánkéèkì kékeré méjì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ṣúgà kúrò níwájú mi tí mo bá ń jẹ ẹ̀wà! Bisikíìtì ìrẹsì wọn ń dún lẹ́nu bí ìpékeré, ewé inú òkun ni wọ́n fi wé e. Nígbà tí a dé orí núdù inú omi ọbẹ̀, ìyá náà ní kí a fà á pẹ̀lú ariwo, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ nílé wọn. Gbogbo kíláàsì ń fà á fùùrù. Èmi nìkan ni mo pa ẹnu dé, orí mi ń retí ọwọ́ yín. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ o, tí èèyàn bá ń pariwo ẹnu jẹun?

Dádì ò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. "O ṣé, ọmọ mi. Gbé e sí fíríìjì." Ó tán.

Ṣùgbọ́n Sunday tó kọjá, mo gbé mochi tí kò ní ṣúgà wá, mo bu ẹ̀gúsí Àǹtí tì í. Màmá, Dádì fọ ọwọ́! Ó bu òkèlè, ó yí i, ó fi kó ẹ̀gúsí, ó gbé e mì. Ọmọ Èkìtì, ta ló fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ òkèlè? Àmọ́ mochi kì í ṣe iyán, ṣe ló ń fà. Ó há. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń nawọ́ sí ọ̀fun. Mo gbá a lẹ́yìn, mo tún gbá a, mo ń pe Jésù, mo ń pe ẹ̀yin náà, kó tó tu ú jáde.

"Kí làwọn èèyàn yìí fi ṣe iyán?" Ohùn rẹ̀ ò tíì jáde dáadáa.

"Wọ́n máa ń rún un lẹ́nu ni, Dádì. Díẹ̀díẹ̀."

"Kí n máa rún òkèlè lẹ́nu bí ewúrẹ́? Àbí o ti tà mí fún wọn ni?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀. Ó tún bu òmíràn, ó rọra ń rún un lẹ́nu, ó ń wo àga yín.

"Ó rọ̀ bíi ti màmá ẹ."

Irọ́ ni, Màmá. Kò jọ tiyín rárá. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní kí n tún gbé e wá ní Sunday.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, ariwo ló fi bọnu lórí fóònù: "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá kan ṣoṣo lo ní o!" Òótọ́ ló sọ. Tí mo bá gé mochi náà wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọdé, Dádì á ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá gbójú kúrò lára rẹ̀, á tún gbé e mì. Tí mi ò bá sì gbé e wá mọ́, tíì àti búrẹ́dì náà nìyẹn.

Mo ti ra iṣu kan ní East Street. Ó wà lórí tábìlì, mò ń wò ó, òun náà ń wò mí. Mi ò gún iyán rí láyé mi. Mo mọ̀ pé tó bá ní kókó, Dádì á jẹ ẹ́, á sì yìn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo kókó tó bá kàn án lẹ́nu ni yóò máa sọ fún un pé ẹ ò sí ńlé. Ẹ̀rín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà yìí, mi ò fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi lé e lọ.

Ọ̀la ni Sunday. Ẹ bá mi dá sí i, Màmá. Èwo ni kí n gbé síwájú rẹ̀?

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.