Ehoro Aláwọ̀ Búlúù

Du, Jos. Sátidé, 12 Jánúárì 1980

Ọyẹ́ ti la ètè mi, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló kún un. Ehoro Bọ́lá ọmọ mi ṣì ń jẹ ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ ni Mama Davou, aládùúgbò wa, ń fi búlúù ìfọṣọ kun àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ kí àṣá má bàa gbé wọn. Ó kun ehoro funfun wa mọ́ ọn. Mo jágbe mọ́ ọn. "Haba, Mama Bọ́lá!" ni gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́sàn-án, àṣá dé. Ó rábàbà lórí ehoro, ó fi í sílẹ̀, ó gbé òròmọdìẹ funfun kan lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kun ìyẹn. Ó ní búlúù ló tán.

Ara ehoro wa ló tán sí.