Orúkọ Tí Sájẹ́ńtì Bùsàrí Kì Í Pè

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Sójà-Fẹ̀yìntì, Ẹ̀ka Amúwò-Ọ̀dọ̀fin
Sí Alájà Tàwàkálítù Bùsàrí àti gbogbo ẹbí, Alákijà

Alájà wa,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí a kò mọ bí a ṣe máa fi pamọ́ ni àwa sójà àtijọ́ fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, Sájẹ́ńtì Bùsàrí, ẹni tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà á rántí ìgbà tí a kọ́kọ́ ń pàdé ní FESTAC, tí eegun wa ṣì le, tí Ọ̀gá á ti lọ aṣọ kakí rẹ̀ sílẹ̀ láti àná. Òun ló kọ́ wa pé ẹni tó bọ́ aṣọ ìjọba ṣì ní iṣẹ́ láàárín ìlú. Ó kó wa lọ gbẹ́ gọ́tà ní Raji Rasaki Estate, ó sì sọ fún àwọn ará ibẹ̀ láìfi bò pé sójà fìyà jẹ wọ́n nígbà ìjọba ológun, kí wọ́n má bínú. Inú bí àwọn kan nínú wa lọ́jọ́ náà. Lónìí, a mọyì rẹ̀.

Èyí tí àárò rẹ̀ máa sọ wá jù ni ìpè orúkọ. Lóṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, Ọ̀gá á ṣí ìwé rẹ̀, á pe àwọn ọmọ àdúgbò wa tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n padà wálé, láti orí àwọn tó lọ sí Bọ́mà láyé àwọn bàbá wa títí dé orí àwọn tó bá wa lọ sí Làìbéríà. Bó bá ti pe ọ̀kan, ẹbí onítọ̀hún á dáhùn pé, “Ó wà pẹ̀lú wa.”

Orúkọ kan ṣoṣo ni kì í pè: ti Gbémiga, àbúrò rẹ̀, tí a wá tì ní Làìbéríà. Bó bá kàn án, Ọ̀gá á ṣí ojú ewé. Ó ṣì gbà pé Gbémiga lè sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2 lọ́jọ́ kan, kó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, kó máa bọ̀ nílé. Nígbà tí èmi akọ̀wé lọ kí Ọ̀gá ní ọsibítù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kó ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Samson, ẹ pe Gbémiga lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti dúró dè é tó.”

Alájà, ìwé náà wà lọ́wọ́ wa, a ó sì tọ́jú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ká ṣe nílé, kí Fareedah ọmọ yín ṣáà pè wá. Ogun kọ́ ló pa Ọ̀gá, ṣùgbọ́n a ti fohùn ṣọ̀kan: lóṣù kìn-ín-ní, a ó pe Gbémiga, a ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Ọ̀gá wa. Kí Ó rẹ̀ yín lẹ́kún, kí Ó sì fún yín lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀yin ni a ó máa wò pé kí ẹ dáhùn fún àwọn méjèèjì.

Samson Adéjùwọ́n, Kọ́púrà-fẹ̀yìntì
Akọ̀wé Ẹgbẹ́